Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́

Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́ (nǹkan bí ọdún 1886 – 2 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1958), tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún ń jẹ́ Ọládípọ̀ Felix Ṣólańkẹ́, jẹ́ amòfin, òǹkọ̀wé àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ bíbí ìlú Abẹ́òkúta. Òun ni akọ̀wé àgbà Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà (WASU), tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1925. Ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ jùlọ ni ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹgbẹ́ náà dá sílẹ̀ ní agbègbè Camden. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti Áfíríkà wá kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń rí ibùsùn, oúnjẹ àti ibi ìpàdé, lásìkò tí ọ̀pọ̀ onílé ní Lọ́ńdọ̀nù kì í fẹ́ gba ènìyàn dúdú sílé. Lójú Ṣólańkẹ́, ọ̀rọ̀ ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ kọjá ọ̀rọ̀ ibùsùn. Ó gbà pé ẹni tí ó bá ni ilé ni yóò máa pinnu ohun tí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lè sọ àti ohun tí wọ́n lè ṣe. Ìgbàgbọ́ yìí ló mú kí òun àti ìjọba amúnisìn forí gbárí ní àárín ọdún 1930 sí 1940.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Ṣólańkẹ́. Ó kàwé ní St Andrew's College ní ìlú Ọ̀yọ́, kí ó tó lọ sí Fourah Bay College ní Freetown, ní orílẹ̀-èdè Sàró. Ní àkókò yẹn, Fourah Bay ni ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń wá ẹ̀kọ́ gíga máa ń lọ, nítorí kò tíì sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá sì fẹ́ di amòfin gbọ́dọ̀ kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1922, Ṣólańkẹ́ wọ Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní University College London. Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, ó sì dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó gba ìwé àṣẹ amòfin ní ọdún 1926, àmọ́ iṣẹ́ ẹgbẹ́ ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ayé rẹ̀.

Owó kò tó o ná ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè Yorùbá kí ó lè rí owó oúnjẹ àti owó ilé. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 1924, ó sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá lórí rédíò, òun sì ni a kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́.

Ìṣòro ilé gbígbé ní Lọ́ńdọ̀nù

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò tíì pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Òfin àti ìmọ̀ ìṣègùn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ́, àwọn òbí wọn tàbí mọ̀lẹ́bí ló sì ń fi owó ránṣẹ́ sí wọn. Bí ọkọ̀ òkun bá pẹ́ kí ó tó gúnlẹ̀, owó náà yóò pẹ́. Bí ọjà kòkó bá sì wálẹ̀, owó lè má wá rárá. Síbẹ̀, owó nìkan kọ́ ni ìṣòro wọn. Onílé lè fi ìwé lẹ̀ mọ́ fèrèsé pé yàrá ṣí sílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ilẹ̀kùn, kí onílé rí àwọ̀ ara rẹ̀, kí ó sì sọ pé wọ́n ti gba yàrá náà. Kò sí òfin kankan tó dènà irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rí yàrá gbà sábà máa ń san owó tó ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Inú òtútù tí kò mọ̀ rí ni yóò máa gbé, láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ tí wọn kò sì mọ oúnjẹ rẹ̀.

Ní ọdún 1924, ìwé ìròyìn Evening News ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìròyìn kan jáde tó ní jíjẹ ènìyàn àti idán wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà títí di àìpẹ́ sígbà náà. Ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe Àfihàn Ilẹ̀ Ọba ní Wembley ni èyí ṣẹlẹ̀, tí àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà lára ohun tí wọ́n ń fi han àwọn olùwòran. Ṣólańkẹ́ kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa láti tako ọ̀rọ̀ náà. Ó mọ̀ pé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni onílé máa ń kà kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ìdásílẹ̀ àwọn ẹgbẹ́

Lẹ́tà yìí ló mú kí Amy Ashwood Garvey, ọmọ Jàmáíkà tó jẹ́ ìyàwó àkọ́kọ́ Marcus Garvey, wá Ṣólańkẹ́ rí. Àwọn méjèèjì pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 13 dá Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Nàìjíríà sílẹ̀ ní Oṣù Keje ọdún 1924, láti máa bójú tó àlàáfíà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà. Wọ́n fi oyè Ìyálóde dá a lọ́lá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni níní ilé tiwọn ti wà nínú ohun tí ẹgbẹ́ náà ń lépa.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Dókítà Herbert Bankole-Bright, òṣèlú láti Freetown, rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pé kí wọ́n para pọ̀. Ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹjọ ọdún 1925, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 21, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ́ òfin, dá WASU sílẹ̀. J. B. Danquah láti Gold Coast ni ààrẹ àkọ́kọ́, Ṣólańkẹ́ sì di akọ̀wé àgbà. Ní ọdún 1926, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn kan tí wọ́n pè ní Wàsù. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹgbẹ́ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó tún dún bí wàásù ti èdè Yorùbá. Ní ọdún 1927, Ṣólańkẹ́ tẹ ìwé kan jáde lórí ipò tí ó yẹ kí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà ní ìṣọ̀kan dì mú láàárín àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé.

Wíwá owó ilé

Ní ọdún 1928, Marcus Garvey fi ilé kan tí ó háyà ní West Kensington sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà. Èyí ni ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n ní, ṣùgbọ́n àkókò àyágbé rẹ̀ kò gùn. Ṣólańkẹ́ pinnu pé àwọn ará ilé ní Áfíríkà ni yóò dá owó fún èyí tí yóò dúró pẹ́. Láti ọdún 1929 sí 1932, ó rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń ṣe ìpàdé pẹ̀lú àwọn ọba, àwọn oníṣòwò àti àwọn amòfin, ó sì ń dá ẹ̀ka WASU sílẹ̀ ní ìlú tí ó bá dé. Ìrìn àjò yìí bọ́ sí àkókò tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, nítorí náà owó tí ó rí kó jọ kò tó èyí tí ó ń retí. Nínú ìrìn àjò yìí kan náà ni ó ti pàdé Ọpẹ́olú, ẹni tí ó fẹ́ níyàwó, tí wọ́n sì jọ padà sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ilé Camden Road

Ní ọdún 1933, WASU ṣí ilé ìgbé rẹ̀ ní ojúlé 62, Camden Road. Ṣólańkẹ́ ni alábòójútó ilé. Ọpẹ́olú ni ó ń mójú tó inú ilé àti ilé ìdáná, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń pè é ní Màmá WASU. Wọ́n ń se oúnjẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti ọbẹ̀ ẹ̀pà. Àwọn tí kì í gbé ibẹ̀ pàápàá máa ń wá jẹun, kí wọ́n ka ìwé ìròyìn ilé, kí wọ́n sì bá ara wọn fọ̀rọ̀ wérọ̀. Wọ́n ń ṣe ìjíròrò, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ijó níbẹ̀. Paul Robeson, olórin àti òṣèré láti Amẹ́ríkà, wà lára àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ náà.

Aáwọ̀ lórí Aggrey House

Ìjọba kò fi ọkàn balẹ̀ sí ilé yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ amúnisìn ń bẹ̀rù pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń gbé pọ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ wọn yóò gba ẹ̀kọ́ kọ́múníìsì mọ́ra. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 1934, wọ́n ṣí ilé mìíràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Doughty Street. Wọ́n fi orúkọ J. E. K. Aggrey, olùkọ́ ọmọ Gold Coast tó ti di olóògbé, pè é ní Aggrey House. Dókítà Harold Moody, ọmọ Jàmáíkà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ League of Coloured Peoples, ṣe àtìlẹ́yìn fún ètò náà, nítorí ó rò pé ìlera àti ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe pàtàkì, ẹni yòówù tí ìbáà san owó rẹ̀.

Ṣólańkẹ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. WASU pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti má ṣe wọ Aggrey House, wọ́n sì tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tí ó fẹ̀sùn kàn pé ìjọba fẹ́ fi ilé náà máa ṣàkóso àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Áfíríkà. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti gba ilé tiwọn lọ́wọ́ títì. Àmọ́ owó ilé, owó iná àti owó èédú kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí ó fi máa di ìparí ẹ̀wádún náà, WASU bá ìjọba ṣe àdéhùn, ó sì ń gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1938, ẹgbẹ́ náà kó lọ sí ilé tó tóbi jù ní ojúlé 1, South Villas, ní Camden Square. Owó ìjọba àti ti àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣòwò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà nínú owó tí wọ́n fi gba ilé náà. Àwọn kan bu ẹnu àtẹ́ lu Ṣólańkẹ́ fún èyí. Ṣùgbọ́n ilé náà kò kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà, ìjíròrò òṣèlú tó ń wáyé nínú rẹ̀ kò sì rọlẹ̀.

Àkókò Ogun Àgbáyé Kejì

Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1941, Clement Attlee, ọ̀kan nínú àwọn mínísítà Winston Churchill, bá WASU sọ̀rọ̀, ó sì fi dá wọn lójú pé gbogbo ẹ̀yà ènìyàn ni ìlérí òmìnira inú Àdéhùn Àtìláńtíìkì wà fún. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Churchill sọ pé àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà lábẹ́ Jámánì ni ìlérí náà ń tọ́ka sí. Ní ọdún 1942, WASU béèrè pé kí a fún àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìjọba ara-ẹni nínú ọ̀rọ̀ abẹ́lé lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gba òmìnira pátápátá láàárín ọdún márùn-ún lẹ́yìn ogun. Nígbà tí Kwame Nkrumah dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1945, ilé WASU ni ó kọ́kọ́ wọ̀ sí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá yàrá kiri ìgboro. Lẹ́yìn náà ni ó di igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ náà.

Ìyapa àti ikú

Ní ọdún 1944, Ṣólańkẹ́ tún padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wá owó fún ilé tuntun, ó sì pẹ́ níbẹ̀ títí di ọdún 1948. Nígbà tí ó fi máa padà, àwọn ọ̀dọ́ tí èrò wọn lórí òṣèlú le ju tirẹ̀ lọ ti gba àkóso ẹgbẹ́. Ó pẹ́ tí àwọn kan ti ń sọ pé ó di ẹgbẹ́ àti ilé náà mú bí ohun ìní ara rẹ̀. Ní ọdún 1949, WASU ṣí ilé mìíràn ní Chelsea Embankment. Ṣólańkẹ́ àti ẹgbẹ́ tí ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sìn pínyà, ó sì ń bójú tó ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ títí ó fi kú. Àìsàn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ló pa á ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 2 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1958. Gold Coast ti gba òmìnira ní ọdún tó ṣáájú, ó sì ti di Gánà. Nàìjíríà gba tirẹ̀ ní ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ipò rẹ̀ nínú ìtàn

Púpọ̀ nínú àwọn tó di aṣòfin, mínísítà àti adájọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lẹ́yìn òmìnira ló ti kọjá lábẹ́ òrùlé WASU. Ní ilé Camden, ọmọ Yorùbá, ọmọ Ígbò, ọmọ Fante àti ọmọ Sàró jọ ń jẹun lórí tábìlì kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́kọ́ rí i pé ìyà kan náà ló ń jẹ wọ́n lábẹ́ ìjọba kan náà. Àríyànjiyàn tí Ṣólańkẹ́ dá sílẹ̀ lórí ẹni tí ó yẹ kí ó ni ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ àlejò ń gbé wà lára ohun tí àwọn òpìtàn ń gbé yẹ̀ wò nípa ìgbésí ayé àwọn ènìyàn dúdú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.