Isaac Fádóyèbọ̀: Gbèsè Ìrẹsì ní Bọ́mà

Bí ọkọ̀ bá gbé wa láti Mazamaza lọ sí Ọ̀jọ́, a ó kan bárékè àwọn sójà lọ́nà. Isaac Fádóyèbọ̀ ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn níbẹ̀. Ìtàn rẹ̀ kọ́ mi pé kì í ṣe ìbọn nìkan ni ó ń pa sójà. Ebi náà ń pa á.

Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti bí i ní 1925. Ní 1942, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ó wọṣẹ́ ológun láìsọ fún àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n fi í sí ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn tó fara pa, wọ́n sì kó wọn gba Íńdíà wọ Bọ́mà láti bá àwọn ará Jàpáànù jà.

Àfonífojì Kaladan ni wọ́n ti jà. Kò sí ọ̀nà mọ́tò gidi níbẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ní ń ju oúnjẹ, ọta àti oògùn sílẹ̀, àwọn aláàárù a sì rù ú la igbó kọjá. Bí ọkọ̀ òfuurufú kò bá wá, ebi dé nìyẹn.

Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn Jàpáànù yọ sí wọn létí odò. Ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀, ó sì bà á níkùn. Òun àti David Kagbo, ọmọ Sierra Leone, kù sínú igbó láìsí oògùn, láìsí oúnjẹ. Àwọn ará abúlé ń yọ́ gbé ìrẹsì wá fún wọn. Nígbà tó yá, Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman gbà wọ́n sílé. Bí àwọn Jàpáànù bá rí wọn níbẹ̀, tòun tìdílé rẹ̀ ni ì bá bá a lọ. Kò ní púpọ̀, síbẹ̀ ó pín in fún wọn.

Oṣù kejìlá ni àwọn ọmọ ogun Gurkha tó dé gbà wọ́n. Fádóyèbọ̀ tiro padà wálé ní 1945, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé tó jáde ní 1999.

Ọpẹ́ Shuyiman ni kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní 2011, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips gbé lẹ́tà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìdílé náà. Shuyiman ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló gba ọpẹ́ náà. Ní 2012, Fádóyèbọ̀ náà kú.

Láti 2017, ọ̀pọ̀ àwọn Rohingya, ìran Shuyiman, ti di asáàlà ní Bangladesh. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá gbọ́ orúkọ wọn nínú ìròyìn, ẹ rántí pé a jẹ wọ́n ní gbèsè ìrẹsì.