Awólọ́wọ̀ àti Owó Ilé-Ìwé

Ìgbìmọ̀ ìwé ìròyìn wa ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnìkan tó ti lọ. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni mo mú. Kì í ṣe òṣèlú ni mo fẹ́ bá yín sọ o, owó ilé-ìwé ni.

Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, 1909. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí bàbá rẹ̀, tó jẹ́ àgbẹ̀, kú. Bí ìwé ṣe di ìjàkadì nìyẹn. Ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Abẹ́òkúta, ó ṣẹ́gi kó lè rówó san. Bí owó bá tán, ìwé á dúró. Ó wọ Wesley College ní Ìbàdàn ní 1927. Lẹ́yìn náà ó ṣe tísà, ó tẹ táípù, ó kọ́ṣẹ́ ìròyìn ní Daily Times níbí ní Èkó (ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi àwa oníròyìn ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ gbọ́ o!), ó sì ṣòwò kòkó. Ọdún 1944, tó ti pé ẹni ọdún 35, ló tó lọ kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹni tó ṣẹ́gi kó tó kàwé kì í tètè gbàgbé. Nígbà tí ẹgbẹ́ Action Group dé ipò ní Ìwọ̀-Oòrùn, S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ jáde ní 1952. Owó orí tí wọ́n fẹ́ fi ṣe é bí ará ìlú nínú, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà fìdí rẹmi nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ní 1954. Awólọ́wọ̀ ò yẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, 1955, ètò náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tó 457,000 ní 1954 di 811,000 lọ́dún kan ṣoṣo.

Àwa ará Ọ̀yìngbò ò sí nínú rẹ̀. Abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni Èkó wà nígbà náà. Mushin ló wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ Mushin ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1955, ọmọ Ọ̀yìngbò, tí ọkọ̀ kan péré lè gbé dé Mushin, dúró di 1957.

Ẹ mọ ìtàn ẹ̀wọ̀n rẹ̀, n ò ní tún un sọ. Ní 1979 kò di ààrẹ, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ UPN rẹ̀ gba ìpínlẹ̀ márùn-ún, Èkó sì wà níbẹ̀. Lateef Jákàńdè kọ́ kíláàsì lọ́tùn-ún lósì, ó fòpin sí ìwé ọ̀sán. Àwọn kan ní ilé adìẹ ló kọ́. Ilé adìẹ náà lọ̀pọ̀ nínú yín ti kàwé.

Ológun gbàjọba, SAP sì dé ní 1986. Ohun tí IMF àti Báńkì Àgbáyé ń fẹ́ ni pé kí ìjọba dín ìnáwó kù, kí ará ìlú máa san tiẹ̀. Ní 1985 náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ní 1993 náírà 22 ni dọ́là kan. Owó oṣù tísà ò ra nǹkan mọ́. SAP ò tíì pé ọdún kan tí Awólọ́wọ̀ fi kú, ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, 1987.

Ní 1998, nígbà tí èmi náà wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, a kì í pè é ní owó ilé-ìwé. Owó àga ni, owó PTA, owó ṣọ́ọ̀kì, owó ìdánwò. Wọ́n dá àwa márùn-ún padà sílé. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mi ò bínú, mo mọ̀ pé owó oṣù tiyín gan-an ò dé. Inú ọjà la lọ jókòó sí. Wọ́n ní ọjà Ọ̀yìngbò kì í mọ̀ pé ẹnìkan ò wá, ṣùgbọ́n rẹ́jísítà kíláàsì mọ̀. Àwa mẹ́ta la padà. Nígbà tí wọ́n ka ilé-ìwé aládàáni ní Èkó ní 2010 sí 2011, ó lé ní 12,000. Ẹni tó rówó ti sá lọ síbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn méjì tí kò padà di kọ̀ńdọ́ọ̀ dánfó. Mo pàdé rẹ̀ ní 2021, lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ibùdókọ̀ tuntun ní Ọ̀yìngbò. Ó bi mí bóyá àpéjọ wa gba ẹni tí kò kàwé parí. Mo ní kó máa bọ̀. Ẹ bá mi wá àga kan sílẹ̀ fún un.