George Müller, Baba Àwọn Ọmọ Òrukàn

Àwọn àgbà ní àgbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ kí ó tẹpá mọ́ṣẹ́. Ọkùnrin kan wà tí ó tẹpá mọ́ṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, síbẹ̀ tí kò gbójú lé agbára ara rẹ̀, tí kò sì gbójú lé ọlọ́rọ̀ kankan, bí kò ṣe Ọlọ́run nìkan. George Müller ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1805 ni a bí i ní ìlú Kroppenstedt ní ilẹ̀ Prussia, tí ó wà nínú Jámánì òde òní. Agbowó-òde ìjọba ni baba rẹ̀. Láti kékeré ni ọwọ́ ọmọ náà kò ti mọ́. Kí ó tó pé ọmọ ọdún 10 ni ó ti ń jí nínú owó ìjọba tí ó wà ní ìkáwọ́ baba rẹ̀. Nígbà tí baba ṣàkíyèsí pé owó ń dín, ó ka iye kan, ó fi í sílẹ̀ nínú yàrá tí ọmọ náà wà, ó sì jáde. George mú nínú rẹ̀, ó fi í pamọ́ sínú bàtà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti bá a. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ kò yí i padà. Ọgbọ́n àrékérekè ni ó fi kún un. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16, ó ń ti ilé-èrò kan bọ́ sí òmíràn, ó ń jẹ, ó ń mu láìní owó lọ́wọ́, títí wọ́n fi sọ ọ́ sẹ́wọ̀n.

Iṣẹ́ àlùfáà ni baba rẹ̀ fẹ́ kí ó ṣe, kì í ṣe nítorí ti Ọlọ́run, bí kò ṣe kí ọmọ náà lè máa jẹ, kí ó máa mu nínú ìrọ̀rùn. Báyìí ni ó ṣe wọ Yunifásítì Halle. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kọkànlá ọdún 1825, ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú un lọ sí ilé onígbàgbọ́ kan, níbi tí àwọn ènìyàn díẹ̀ péjọ sí. Ó rí ọkùnrin kan tí ó kúnlẹ̀ gbàdúrà. Müller kò rí irú rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni òun tìkára rẹ̀ kò kúnlẹ̀ gbàdúrà rí. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni ìgbé-ayé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí yí padà.

Ní ọdún 1829 ó ré kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó sì di ọdún 1830 ó di olùṣọ́-àgùntàn ìjọ kan ní Teignmouth. Pọ́n-ùn 55 ni owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún kan. Lára owó tí àwọn ọmọ ìjọ ń san lórí àga ìjókòó ni owó yìí ti ń wá; ọlọ́rọ̀ a máa jókòó síbi tí ó dára, tálákà a sì máa lọ sẹ́yìn. Èyí kò tẹ́ Müller lọ́rùn. Ó kọ owó náà, òun àti Mary ìyàwó rẹ̀ sì pinnu pé àwọn kò ní sọ àìní àwọn fún ẹnikẹ́ni mọ́, àfi fún Ọlọ́run.

Ní ọdún 1832 wọ́n ṣí lọ sí ìlú Bristol. Àwọn ọmọ tí kò ní baba, tí kò sì ní ìyá, pọ̀ ní ìgboro. Müller pinnu láti dá ilé sílẹ̀ fún wọn. Àánú wọn ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí àwọn onígbàgbọ́ tí ọkàn wọn ti rẹ̀wẹ̀sì lè fi ojú ara wọn rí i pé Ọlọ́run ṣì ń gbọ́ àdúrà. Ó gbàdúrà fún owó, owó wá. Ó gbàdúrà fún ilé, fún ohun èlò àti fún àwọn olùtọ́jú, gbogbo wọn wá. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1836, ó jókòó láti gba orúkọ àwọn ọmọ tí yóò wọ ilé náà. Wákàtí kan kọjá, wákàtí kejì kọjá, ẹnìkan ṣoṣo kò wá. Bí ó ti ń padà lọ sílé pẹ̀lú ìtìjú, ó rántí pé ohun gbogbo ni òun ti béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run, àfi àwọn ọmọ. Ó ti rò pé ìwọ̀nyí kò lè ṣọ̀wọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó wólẹ̀, ó sì bẹ Ọlọ́run fún wọn. Ní ọjọ́ kejì ni ẹni àkọ́kọ́ dé. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, a ṣí ilé náà ní òpópónà Wilson.

Láti ọdún 1838 ni ìdánwò ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ mìíràn, kò ní sí owó oúnjẹ ọ̀sán lọ́wọ́. Müller kò jẹ́ ra ohunkóhun ní àwìn. Àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ a máa kó ìwọ̀nba owó tí ó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, wọn a sì jọ gbàdúrà. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé kò sí ọjọ́ kan tí oúnjẹ kò dé fún àwọn ọmọ náà. Àwọn kan ń sọ pé ìròyìn iṣẹ́ tí ó ń tẹ̀ jáde lọ́dọọdún ni ọgbọ́n tí ó fi ń tọrọ owó. Ṣùgbọ́n ní òpin ọdún 1841, nígbà tí àpò gbẹ, tí ìròyìn náà ìbá sì ràn án lọ́wọ́, ṣe ni ó dá a dúró.

Nígbà tí ilé kò gba àwọn ọmọ mọ́, ó ra ilẹ̀ ní Ashley Down lẹ́yìn ìlú Bristol. A ṣí ilé àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní ọdún 1849. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1857, ìkòkò irin ńlá tí omi gbígbóná rẹ̀ ń mú kí ilé náà móoru bẹ̀rẹ̀ sí jò. Ìgbà òtútù ni. Dandan ni kí a pa iná kí a tó lè tún un ṣe, àwọn ọmọ 300 sì wà nínú ilé. Müller ránṣẹ́ pe àwọn òṣìṣẹ́, ó dá ọjọ́ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ àríwá tí ó tutù bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́. Kò sún ọjọ́ náà síwájú. Ohun méjì ni ó béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run: kí afẹ́fẹ́ yí padà sí ti gúúsù, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì fi tọkàntọkàn ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, afẹ́fẹ́ gúúsù fẹ́, ojú ọjọ́ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn sọ pé àwọn yóò ṣiṣẹ́ mọ́jú.

Nígbà tí ó fi di ọdún 1870, ilé náà ti di márùn-ún, wọ́n sì lè gba ọmọ 2,050. Àwọn ọmọ tí ó tọ́jú nígbà ayé rẹ̀ lé ní 10,000. Owó tí ó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá fún gbogbo iṣẹ́ náà lé ní 1,400,000 pọ́n-ùn, ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí dé kọ́bọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 1898, ó darí ìpàdé àdúrà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá a pé ó ti sùn nínú Olúwa. Ẹni ọdún 92 ni. Ohun ìní rẹ̀ gbogbo kò tó 200 pọ́n-ùn.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn yìí ṣe àwáwí fún ìmẹ́lẹ́. Müller kò kàwọ́ gbera kí ó máa retí iṣẹ́ ìyanu. Òun ni ó pe àwọn òṣìṣẹ́, òun ni ó sì ń ṣírò owó. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ènìyàn lè pe òṣìṣẹ́, kò lè pe afẹ́fẹ́. Ọmọ tí ó fi owó olówó pamọ́ sínú bàtà ni ó di àgbà tí a lè fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn sí lọ́wọ́, tí kò sì kó o jọ fún ara rẹ̀, nítorí ó ti rí Ẹni tí ó tó gbẹ́kẹ̀lé.