Thomas Birch Freeman, Ẹni tí ó Dúró de Olúwa

  Ìtàn ìgbésí ayé Thomas Birch Freeman ni a fẹ́ sọ nínú ìwé ìròyìn yìí. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Nígbàkígbà tí a bá ń ṣe ìrántí bí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ṣe dé ilẹ̀ Nàìjíríà, òun ni a máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ṣùgbọ́n ohun tí a máa ń sọ kò ju pé ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, a ó sì ti kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ohun tí ojú rẹ̀ rí kí ó tó dé ibẹ̀, àti ọdún 16 tí ó fi wà láìní ipò kankan nínú iṣẹ́ àlùfáà lẹ́yìn náà, a kì í sábà mẹ́nu kàn wọ́n. Àwọn ni a fẹ́ fi ara balẹ̀ sọ lónìí.

Ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1809 ni a bí Freeman ní ìlú Twyford, ní Hampshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Adúláwọ̀ ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà, iṣẹ́ ọgbà ni ó kọ́. Ó di olùtọ́jú ọgbà fún ọlọ́lá kan tí ń jẹ́ Sir Robert Harland, nítòsí Ipswich. Kò sí irúfẹ́ ewéko tí ó rí tí kò ní fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀, ìfẹ́ igi àti òdòdó kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n Ìjọ Elétò ti fà á mọ́ra, ó sì ń wàásù kiri. Bí iṣẹ́ náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún 1837 ó fi ara rẹ̀ fún ẹgbẹ́ míṣọ́nárì Wesley ní Lọ́ńdọ̀nù pé òun ṣetán láti lọ sí Áfíríkà. Ó fẹ́ Elizabeth Boot, wọ́n sì jọ wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1838 ni wọ́n dé Cape Coast, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gáná nísinsìnyí. Wọ́n rò pé àwọn yóò bá òjíṣẹ́ kan níbẹ̀ tí yóò gbà wọ́n sílé. Wọn kò bá ẹnì kan. Joseph Dunwell, ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ní ọdún 1835, kò lo oṣù mẹ́fà kí ó tó kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Wrigley àti ìyàwó rẹ̀ dé, lẹ́yìn wọn Harrop àti ìyàwó rẹ̀. Gbogbo àwọn márààrún ni ó ti kú láàárín ọdún mẹ́ta. Ibà ni ó ń pa wọ́n. Ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri.

Kò pẹ́ tí ibà náà fi mú Freeman pẹ̀lú. Elizabeth ìyàwó rẹ̀ ni ó tọ́jú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ara ọkọ yá, ara ìyàwó kò yá. Ọjọ́ 20 oṣù Kejì ni ó kú, wọn kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méje ní Áfíríkà. Àwọn tí ó kọ ìwé ìtàn a máa kọ ìlà kan tàbí méjì nípa obìnrin yìí, wọn a sì kọjá lọ. Ó dára kí àwa ẹgbẹ́ obìnrin mọ orúkọ rẹ̀, nítorí bí kò bá sí ìtọ́jú rẹ̀, bóyá ìtàn tí à ń sọ yìí ì bá ti parí ní Cape Coast.

Ọkùnrin tí ó jẹ́ ẹni ọdún 28, tí ó ti sin ìyàwó, tí kò ní ẹlẹgbẹ́ kankan láti ilẹ̀ rẹ̀, kí ni ó kù kí ó ṣe? Ọkọ̀ tí ń padà sí Gẹ̀ẹ́sì kò wọ́n lébùúté. Freeman kò wọ ọ̀kankan nínú wọn. Kò sì jókòó kí ó fọwọ́ lẹ́rán. Ilé ìjọsìn tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó mú un dé òpin, wọ́n sì ṣí i nínú oṣù Kẹfà ọdún 1838 kan náà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Aṣántì dé. Ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 1839, Freeman gbéra láti lọ bá ọba Aṣántì ní Kùmásì. Nígbà tí ó dé Fomena, ìjòyè ibẹ̀ dá a dúró. Wọn kò mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́. Aṣántì àti Gẹ̀ẹ́sì ti bá ara wọn jagun rí, ta ni yóò sì ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò tí ó ní òun kò wá ra nǹkan, tí kò sì wá jagun? Wọ́n ní kí ó dúró títí èsì yóò fi dé láti Kùmásì. Ó dúró ju ogójì ọjọ́ lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nítorí ìwé kan ṣoṣo yóò mọ bí ogójì ọjọ́ ti gùn tó! Ó ń ṣe ìsìn níbẹ̀, ó ń wàásù fún ìjòyè náà àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Nínú ìrìn àjò yẹn náà ni ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń pa ènìyàn láti fi sin òkú ọlọ́lá. Ẹ̀rù bà á. Kò padà.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ni ó wọ Kùmásì. Ọba Kwaku Dua jókòó pẹ̀lú àwọn ìjòyè àti ọmọ ogun rẹ̀ láti gbà á, àwọn ènìyàn sì pọ̀ bí eéṣú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Freeman lò níbẹ̀. Èsì tí ọba fún un kò lọ títí: kò gbà tán, kò sì kọ̀. Ó tún di ìdúró.

Ní ọdún 1840 ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wá olùrànlọ́wọ́ àti owó. Ó fẹ́ ìyàwó kejì níbẹ̀, Lucinda Cowan, wọ́n sì jọ padà wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1841. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún náà, Lucinda kú pẹ̀lú. Èyí ni ẹ̀ẹ̀kejì tí Freeman di opó láàárín ọdún mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ ti di opó nínú wa, ẹ mọ ohun tí a ń wí. Ní ìparí ọdún yẹn kan náà, ó tún mú ọ̀nà Kùmásì pọ̀n, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin onítáyà mẹ́rin tí ìjọ ní Gẹ̀ẹ́sì fi ránṣẹ́ sí ọba. Inú igbó tí kò ní títì ni wọ́n ti ń fà á lọ! Ní àkókò yìí ni wọ́n tó gbà kí míṣọ́nárì kan máa gbé ìlú náà.

Nísinsìnyí ni a tó kan ilẹ̀ tiwa. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn ọmọ Yorùbá tí a ti kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì ti di onígbàgbọ́ ní Sàró, ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé. Àwọn kan dúró ní Àgbádárìgì, àwọn mìíràn lọ sí Abẹ́òkúta. Wọn kò ní olùkọ́ni. Ọ̀kan nínú wọn, James Ferguson, kọ ìwé ránṣẹ́ láti Àgbádárìgì pé kí ìjọ dákun rán òjíṣẹ́ sí àwọn. Ìwé náà lọ ní ọdún 1841, òjíṣẹ́ dé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842. Nínú gbogbo àkókò yẹn, ohun tí àwọn onígbàgbọ́ díẹ̀ yẹn lè ṣe ni kí wọ́n máa gbàdúrà kí wọ́n sì máa wo ojú òkun.

Freeman kò dá wá. William De Graft, ọmọ ilẹ̀ Fanti, àti ìyàwó rẹ̀ bá a wá. Nígbà tí Freeman ń bọ̀ ní Abẹ́òkúta tí ó sì tún padà lọ, àwọn méjèèjì ni ó dúró sí Àgbádárìgì tí wọ́n ń kó àwọn ọmọdé jọ láti kọ́ wọn ní ìwé. Ọmọ àwọn ará Sàró ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwa tí a ti lo ọjọ́ ayé wa pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àti pátákó kò lè sọ ìtàn yìí kí a má dúró níbí díẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kà sí àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, obìnrin adúláwọ̀ kan sì wà lára àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ni Freeman wọ Abẹ́òkúta. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, fi ayọ̀ gbà á. Nígbà tí ó padà dé Àgbádárìgì ní ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì, ó bá Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. níbẹ̀, ẹni tí òun náà ń lọ sí Abẹ́òkúta. Wọ́n jọ ṣe ọdún náà ni. Inú wa máa ń dùn sí apá yìí, pé Mẹ́tọ́díìsì àti Àǹgílíkà kò bá ara wọn jà ní Kérésìmesì àkọ́kọ́ yẹn.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ló dé tí kò wá sí Ìjẹ̀bú? Ọ̀nà kò ṣí ni. Àwọn bàbá ńlá wa kò jẹ́ kí àlejò gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá, nítorí òwò láàárín etí ọ̀sà àti ilẹ̀ òkè wà ní ìkáwọ́ wọn, wọ́n sì fẹ́ kí ó máa wà níbẹ̀.

Freeman ṣe iṣẹ́ lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó lọ bá ọba Gezo ní Dàhómì, ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó dá oko ńlá kan sílẹ̀ ní Beulah nítòsí Cape Coast. Ní ọdún 1854 ó fẹ́ Rebecca Morgan, ọmọ ilẹ̀ Gold Coast, ẹni tí ó bí ọmọ fún un. Ṣùgbọ́n owó ń jáde ju bí ó ti ń wọlé lọ. Lọ́ńdọ̀nù ń kọ ìwé, wọ́n ń béèrè ìṣirò owó, ìṣirò kò sì péye. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé ó jí kọ́bọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di mọ́ ni, bí ìlú kan bá ti ní kí ó wá, yóò ṣe ìlérí olùkọ́ fún wọn, gbèsè yóò sì tẹ̀lé e. A kò ní bò ó mọ́lẹ̀: ẹ̀bi yẹn jẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin akápò wa mọ̀ pé inú rere kò lè dí àlàfo tí ó wà nínú ìwé owó. Ní ọdún 1857, ó fi iṣẹ́ àlùfáà sílẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin tí ó ti sin ìyàwó méjì nítorí iṣẹ́ yìí, tí ó ti la ọ̀nà dé Kùmásì, dé Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta, kò ní ipò mọ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní iṣẹ́ alákòóso ní agbègbè Accra títí di ọdún 1860. Ìyẹn náà tán. Ó wá di àgbẹ̀ tí ó ń fi oko bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Ọ̀dọ̀ ewéko tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ náà ni ó padà sí.

Lóde òní, bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ owó kan ẹnì kan lára nínú ìjọ, kí oṣù tó yí, yóò ti gbé pátákó ìjọ tirẹ̀ kọ́ sí ìta. Freeman ní orúkọ tí ó lè fi ṣe é. Láti Cape Coast títí dé Àgbádárìgì ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Kò dá ìjọ sílẹ̀, kò sì bá ìjọ mìíràn lọ. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó fi dúró. Rebecca ni ó bá a dúró jù lọ nínú àwọn ọdún wọ̀nyẹn, nínú ilé tí owó kò pọ̀ sí mọ́, bí wọ́n sì ṣe kọ púpọ̀ tó nípa ọkọ rẹ̀, díẹ̀ ni wọ́n kọ nípa rẹ̀.

Ní ọdún 1873, ìjọ gbà á padà sí iṣẹ́. Ó ti di ẹni ọdún 63. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọba ni wọ́n rán an lọ mọ́. Àyíká Anomabu ni wọ́n fún un. Níbẹ̀ ni ìsọjí ńlá ti bẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1876, tí ènìyàn ń wọ́ wá fún ìrìbọmi lọ́gọ́ọ̀rọ̀. Ó ti rin ọ̀nà jíjìn nígbà èwe rẹ̀ tí èso kò tó nǹkan, bí ọ̀rọ̀ Kùmásì ti rí. Nígbà tí ó di arúgbó tí ó jókòó sí ojú kan ni ìkórè wá bá a. Ẹ ka Aísáyà orí 40 láti ẹsẹ 27 títí dé ìparí rẹ̀ ní ìpàdé yín, kí ẹ sì fi Anomabu sọ́kàn bí ẹ bá ń kà á.

Ní ọdún 1885 ó wà níbẹ̀ nígbà tí Ìjọ Elétò ṣe àjọ̀dún 50 ọdún ní Gold Coast. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ó fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1890 ni ó sùn nínú Olúwa ní Accra, ẹni 80 ọdún, lẹ́yìn ọdún 52 ní etí òkun tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ kò ti lo ọdún kan àbọ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ogun Ìmàgbọn jà, ọ̀nà Ìjẹ̀bú sì ṣí. Àwọn oníwàásù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, àwọn ènìyàn wa sì gba ìwé àti ìgbàgbọ́ kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ya àwọn ará ìta lẹ́nu. Igi Àgíà tí wọ́n ń wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní Àgbádárìgì wà lórí ìdúró títí di ọdún 1959 kí ìjì tó wó o. Wọ́n ti mọ òkúta ìrántí sí ojú ibẹ̀. Bí ẹ bá kọjá níbẹ̀, ẹ yà wò ó, kí ẹ sì sọ orúkọ Elizabeth, Lucinda àti Rebecca fún àwọn ọmọ tí ẹ bá mú dání.