Eli Whitney àti Ẹgbàárùn-ún Ìbọn

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa àtijọ́ ni ó ti di agbaṣẹ́ṣe, tí wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Nítorí tiwọn, àti nítorí àwọn òbí tí ọmọ wọn lè ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀ lọ́la, ni mo ṣe yan ìtàn Eli Whitney, ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ti kú láti ọdún 1825.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá ọdún 1765 ni a bí i ní Westborough, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Àgbẹ̀ ni baba rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ja ogun òmìnira, ọ̀dọ́mọdé yìí ń rọ ìṣó tà nínú ilé iṣẹ́ baba rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yale, ó sì jáde ní 1792.

Gúúsù ni ó kọrí sí, sí oko ńlá Mulberry Grove ní Georgia, oko Catherine Greene, opó ọ̀gágun kan. Níbẹ̀ ni ó ti rí ìyà tí ó wà nínú yíyọ kóró kúrò lára òwú. Ní 1793 ó ṣe ẹ̀rọ tí ń yọ kóró náà, ní 1794 ìjọba sì fún un ní ìwé àṣẹ pé òun ni ó ni ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà rọrùn láti rọ. Ẹni tí ó bá ti rí i lè lọ rọ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ṣe. Iná jó ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní New Haven ní 1795. Òun àti Phineas Miller, alábàáṣe rẹ̀, ń ti ilé-ẹjọ́ kan bọ́ sí òmíràn, gbèsè sì wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Èyí tí ó burú jù ni pé ẹ̀rọ tí ó dín iṣẹ́ ọwọ́ kù ni ó mú kí oko ẹrú gbilẹ̀. Ní 1790, àwọn ẹrú Amẹ́ríkà kò ju bí 700,000 lọ. Ní 1860, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù mẹ́rin. Whitney nìkan kọ́ ni ó fà á, ṣùgbọ́n n kò lè kọ ìtàn rẹ̀ kí n fi èyí pamọ́. Ó yani lẹ́nu pé ní àárín ọ̀rúndún yẹn kan náà, àwọn ẹni ìjọ CMS àti oníṣòwò Manchester fi ẹ̀rọ ìyọ-kóró-òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, kí òwú títà lè rọ́pò ẹrú títà.

Gbèsè yìí ni ó wà lọ́rùn rẹ̀ ní 1798, nígbà tí ìbẹ̀rù ogun pẹ̀lú ilẹ̀ Faransé dé. Ìgbìmọ̀ aṣòfin ya 800,000 dọ́là sọ́tọ̀ fún ohun ìjà. Whitney, tí kì í ṣe alágbẹ̀dẹ ìbọn, kọ̀wé sí Oliver Wolcott, mínísítà ètò ìnáwó, tí òun náà jáde ní Yale, pé òun yóò rọ ẹgbàárùn-ún ìbọn. Ní oṣù kẹfà wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn: dọ́là 13 àti ogójì sẹ́ǹtì fún ìbọn kọ̀ọ̀kan, 134,000 dọ́là lápapọ̀. Kí 4,000 dé ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 1799, kí 6,000 yòókù dé ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 1800. Owó ìṣáájú jẹ́ 5,000 dọ́là. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: owó ìṣáájú yìí gan-an ni ó ń wá.

Kò ní ilé iṣẹ́, kò ní irin, kò ní òṣìṣẹ́. Ó ra ilẹ̀ létí odò lẹ́yìn New Haven kí omi lè máa yí ẹ̀rọ rẹ̀, ṣùgbọ́n yìnyín òtútù ọdún náà kò jẹ́ kí ilé tètè dìde. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró fún un ní ilé ìfowópamọ́. Dípò kí ó kó àwọn alágbẹ̀dẹ jọ, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan rọ ìbọn láti ìdí dé orí, ó kọ́kọ́ ń ṣe irinṣẹ́ àti ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ lásán lè fi ṣe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ àdéhùn kìíní kọjá, kò sí ìbọn kankan. Èkejì kọjá, kò sí. Ní tiwa, agbaṣẹ́ṣe tí ó bá dé irú ipò yìí a máa pa fóònù rẹ̀. Whitney kò sá. Léraléra ni ó ń kọ̀wé sí Wolcott, tí ó ń ṣàlàyé ibi tí iṣẹ́ dé àti ohun tí ó ń dá a dúró, tí ó sì ń bẹ̀bẹ̀ fún àkókò àti owó sí i. Wolcott gbà fún un.

Ní oṣù kìíní ọdún 1801 ó lọ sí Washington, síwájú Ààrẹ John Adams àti Thomas Jefferson, igbákejì rẹ̀, tí yóò di Ààrẹ ní oṣù kẹta. Ó da àwọn ẹ̀yà tí ń mú kí ìbọn dún sílẹ̀ lókìtì, ó fi hàn wọ́n pé èyíkéyìí tí a bá mú nínú wọn yóò bá èkejì mu. Ẹnu yà wọ́n, wọ́n sì fi kún àkókò rẹ̀. Jefferson ti rí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1785, lọ́dọ̀ Honoré Blanc, nítorí náà èrò náà kì í ṣe ti Whitney. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ àwọn ìbọn rẹ̀ wò ní ọ̀rúndún ogún, wọ́n rí i pé ẹ̀yà ọ̀kan kò bá òmíràn mu, àmì sì wà lára wọn tí ń fi hàn pé èyí ni ti ìbọn yìí. Iṣẹ́ ń lọ ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ lóòótọ́. Síbẹ̀, ohun tí kò tíì sí ni ó fi han àwọn aláṣẹ bí ẹni pé ó ti wà, èmi kò sì lè pe ìyẹn ní ọgbọ́n òwò.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1801 ni 500 ìbọn àkọ́kọ́ dé. Oṣù kìíní ọdún 1809 ni ó tó kó èyí tí ó kù fún ìjọba. Ọdún mẹ́jọ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti kọjá lórí ọjọ́ àdéhùn. Ìjọba gba gbogbo wọn.

Ní 1812 ó tún gba iṣẹ́ 15,000 ìbọn. Nígbà yìí, ó ti mọ bí a ti ń ṣírò òwò: ó ń ka owó ẹ̀rọ àti ti ìdójútòfò mọ́ iye ìbọn, ohun tí àwọn ilé ìrọbọn ìjọba kì í kà. Callender Irvine, tí ń ra ohun èlò fún àwọn ọmọ ogun, gbógun tì í lórí àdéhùn yìí, títí ó fi gbé ọ̀ràn náà lọ bá Ààrẹ Madison.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún kí ó tó gbéyàwó ní 1817. Henrietta Edwards ni ó fẹ́, ọmọ-ọmọ oníwàásù Jonathan Edwards, tí àwa tí a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn mọ orúkọ rẹ̀ dáradára. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 1825 ni ó kú. Ọmọkùnrin rẹ̀, tí a sọ ní Eli pẹ̀lú, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin péré, nítorí náà àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ó ń ṣe àkóso ilé iṣẹ́ náà. Ní 1842 ni ọmọ náà gba ipò baba rẹ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí, inú ilé iṣẹ́ kan náà ni a ti rọ ẹgbẹ̀rún ìbọn ìléwọ́ Samuel Colt fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà.