Johann Nikolaus von Dreyse: Ọmọ alágbẹ̀dẹ tó fi abẹ́rẹ́ yí ọ̀rọ̀ ìbọn padà

Ẹni tó bá ti rí ọdẹ níbi tó ti ń ki ìbọn ṣakabùlà yóò mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́. Ẹ̀tù ni yóò kọ́kọ́ dà sí ẹnu ìbọn, yóò fi ọ̀pá gún un, yóò kó ọta sí i, yóò sì tún un gún. Kó tó ṣe tán, ẹran ti wọgbó lọ. Bó bá sì jẹ́ ẹkùn ló yìnbọn sí tí kò bà á, ẹ̀mí ọdẹ gan-an ti wà nínú ewu. Ìyà yìí, tí ọdẹ àti ológun jọ ń jẹ nígbà kan, ni Dreyse fi ọ̀pọ̀ ọdún wá òpin sí.

Ọjọ́ 20, oṣù kọkànlá, ọdún 1787, ni wọ́n bí i sí ìlú Sömmerda, ní agbègbè Thuringia, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Alágbẹ̀dẹ tó ń ṣe àgádágodo ni bàbá rẹ̀, ìdí iṣẹ́ náà ni òun náà sì dàgbà sí. Ní 1809, ó lọ sí Paris, ó sì ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Samuel Pauly, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó ń ṣe ìbọn tí wọ́n ń kì láti ìdí. Ohun tójú rẹ̀ rí níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí tó fi padà sílé ní 1814.

Ọdún 1827 ló kọ́kọ́ ṣe ìbọn alábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n ṣì ń gbà kì í. Kò jáwọ́. Ní 1836, ó ṣe èyí tí wọ́n ń kì láti ìdí. Ẹ̀tù, ọta àti ohun tó ń tanná wà pọ̀ nínú ìdì bébà kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá yìn ín, abẹ́rẹ́ gígùn kan yóò la ẹ̀tù kọjá, yóò gún ohun tó ń tanná náà, ọta yóò sì fò jáde.

Ní 1840, ọba Prussia ní kí ó ṣe 60,000 irú ìbọn náà, wọ́n sì fún un ní orúkọ mìíràn kí àṣírí má baà tú. Ní 1864, ọba sọ Dreyse di ọlọ́lá, ìyẹn ló fi ń jẹ́ von Dreyse. Lójú ogun Königgrätz, ní 1866, àwọn ọmọ ogun Austria ń ki ìbọn tiwọn láti ẹnu, nígbà tí àwọn ará Prussia lè dùbúlẹ̀ ki tiwọn. Nǹkan bí 44,000 ni Austria pàdánù, nínú òkú, ẹni tó fara gbọgbẹ́ àti ẹni tí wọ́n mú. Ti Prussia jẹ́ nǹkan bí 9,000. Ọmọ ọgọ́rin ọdún ni Dreyse nígbà tó kú ní ọjọ́ 9, oṣù kejìlá, ọdún 1867.

Ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu méjì tó ń lo abẹ́rẹ́ náà jáde láti ilé-iṣẹ́ Sömmerda. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ a máa kán, iná a sì máa yọ níbi ìdí ìbọn. Nígbà tí ọta onípáálí àti onírin dé, ìgbà ìbọn alábẹ́rẹ́ kọjá. Lónìí, àwọn tó ń tún irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣe a máa ha ìpẹtà ara rẹ̀, wọ́n a sì fi òróró ra igi rẹ̀, àmọ́ ìdì bébà rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́. Ìbọn ti dákẹ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kíki ìbọn láti ìdí kò bá a lọ: òun ni ọdẹ tó ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì ń jẹ ní ogún títí dòní.