Àlùfáà John Curwen, Olùkọ́ Orin

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ wa ni ó ti ipa dò, re, mí kọ́ orin. Òun kan náà ni olùkọ́ sì fi ń ṣe àlàyé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ọmọ ilé-ìwé. Ó yẹ kí a mọ ìtàn ẹni tí ó tan ẹ̀kọ́ náà kálẹ̀.

Ní Heckmondwike, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a bí John Curwen ní ọdún 1816. Àlùfáà ni, ọmọ àlùfáà sì ni pẹ̀lú. Ó fẹ́ràn láti máa kọ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n kò lè ka ìwé orin; àmì orí ìlà márùn-ún rú u lójú. Síbẹ̀, ní ọdún 1841, ìpàdé àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní Hull fi lé e lọ́wọ́ pé kí ó wá ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ láti fi kọ́ ènìyàn ní orin.

Ìwé Miss Sarah Glover, olùkọ́ kan ní Norwich, ni ó ràn án lọ́wọ́. Lẹ́tà ni arábìnrin yìí fi ń kọ orin. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì Curwen ti lè ka orin fúnra rẹ̀. Ó ṣe àtúnṣe sí ọ̀nà náà, bí Miss Glover kò tilẹ̀ fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi orúkọ ẹni tí ó ti gba ọgbọ́n náà pamọ́.

Ìlànà rẹ̀ ni pé kí etí gbọ́ ohùn kí ojú tó rí àmì rẹ̀. Olùkọ́ yóò kọ ọ́, ọmọ yóò gbè é. Lẹ́yìn èyí ni olùkọ́ yóò tó fi ọ̀pá tọ́ka sí i lára àtẹ tí a gbé kọ́ ògiri. Dò ni baálé. Ibikíbi tí a bá tẹ̀ ẹ́ dó sí, lókè tàbí nísàlẹ̀, àwọn ohùn yòókù mọ bí wọ́n ti bá a tan. Ní ọdún 1870 ó fi àmì ọwọ́ kún un.

Láyé ìgbà náà, ọlọ́rọ̀ ni ó ń rí owó dùùrù àti ti olùkọ́ orin san. Àwọn ọ̀mọ̀wé orin kan lòdì sí Curwen, ṣùgbọ́n kò yẹsẹ̀. Ní ọdún 1864 ó fi iṣẹ́ àlùfáà sílẹ̀ ní Plaistow nítorí iṣẹ́ yìí. Ó dá ilé ìtẹ̀wé àti kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, àwọn míṣọ́nnárì sì gbé ẹ̀kọ́ náà dé òkè òkun. Ó kú ní ọdún 1880.

Ẹ̀yin olùkọ́ akọrin, ẹ má ṣe kánjú pín ìwé fún ẹni tí etí rẹ̀ kò tíì gbọ́ orin. Ohun tí etí bá ti mọ̀ kì í ṣòro fún ojú.